Àwọn Ààlọ́ Tí Àwọn Grimm Yọ Kúrò Nínú Ìwé Wọn

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1812, ìwé ààlọ́ kan jáde ní ìlú Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì. Ààlọ́ 86 ló wà nínú rẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ló kó o jọ, Jacob àti Wilhelm Grimm, tí wọ́n ń gbé ní Kassel. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 27, àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún 26. Kò pẹ́ rárá tí ìwé náà bọ́ síta tí ẹjọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Achim von Arnim, ọ̀rẹ́ wọn tó bá wọn wá òǹtẹ̀wé, kọ lẹ́tà sí wọn pé ìyá ọlọ́mọ kan ń ráhùn: ó ní òun kò lè fi ìwé yẹn lé ọmọ òun lọ́wọ́, nítorí ààlọ́ kan báyìí tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa tún ìwé náà tẹ̀ ní 1819, wọ́n ti yọ ààlọ́ yẹn. Wọ́n sì yọ àwọn mìíràn mọ́ ọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún méjèèjì yẹn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí, nítorí àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé wa tó fẹ́ tún ààlọ́ ilẹ̀ Yúróòpù sọ ní èdè Yorùbá. Bí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ti délẹ̀, ìtàn mẹ́ta mẹ́rin kan náà ni gbogbo wọn máa ń nawọ́ sí: Cinderella, Snow White, ọmọbìnrin oní-fìlà-pupa tó pàdé ìkookò. N kò sọ pé kí wọ́n má sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń ṣa ààlọ́, kó lọ wo èyí tí àwọn tó ṣa á ṣáájú rẹ̀ kọ̀, kó sì wádìí ohun tí wọ́n fi kọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni òfin wọn hàn sí jù lọ, ibẹ̀ náà sì ni ìtàn tí ẹnu kò tí ì sọ di yẹpẹrẹ wà.

Kassel wà lábẹ́ àwọn Faransé nígbà tí iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀. Jérôme, àbúrò Napoleon, ló jọba níbẹ̀ láti 1807 títí di 1813. Ilé ìkàwé ọba yìí gan-an ni Jacob ti ń ṣiṣẹ́ tó fi ń bọ́ àwọn àbúrò rẹ̀, torí bàbá wọn ti kú láti 1796, ìyá wọn náà sì kú ní 1808. Ó ń dun àwọn méjèèjì pé èdè àti ìṣẹ̀dálẹ̀ ilé wọn ń lọ sí ìgbàgbé lójú wọn. Arnim àti Clemens Brentano, tí wọ́n ń kó orin ìbílẹ̀ jọ, ló kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá àwọn wá ààlọ́. Ní 1810 wọ́n kó gbogbo èyí tí wọ́n ti rí ránṣẹ́ sí Brentano. Brentano kò lò ó, kò sì dá a padà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n ti dà á kọ kó tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Ìwé àfọwọ́kọ tó wà lọ́wọ́ Brentano yẹn ni wọ́n wá rí ní ọ̀rúndún ogún, nínú ilé àwọn mọ́ńkì kan ní Ölenberg ní Alsace, òun ló sì jẹ́ kí a lè fi ojú ara wa rí bí àwọn ìtàn náà ṣe rí kí Wilhelm tó fi gègé kàn wọ́n.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn méjèèjì ń rìn láti abúlé dé abúlé, tí wọ́n ń jókòó ti àwọn àgbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn ló ń wá bá wọn ní ìlú. Àwọn ọmọbìnrin ìdílé Wild, tí bàbá wọn ń ta oògùn nítòsí ilé àwọn Grimm, sọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Dortchen, ni Wilhelm padà fẹ́ ní 1825. Àwọn ọmọbìnrin ìdílé Hassenpflug náà sọ púpọ̀, ìyá wọn sì wá láti ìran àwọn Faransé tó sá wá sí Jámánì nítorí ẹ̀sìn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni wàhálà kan ti máa yọ.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni Dorothea Viehmann, ìyàwó télọ̀ kan ní abúlé Niederzwehren, ọmọ ẹni tó ń ta ọtí fún àwọn èrò ojú ọ̀nà. Ó máa ń gbé ohun ọ̀gbìn wá tà ní Kassel. Wọ́n mọ̀ ọ́n ní 1813, ó sì kú ní 1815, ìtàn tó fi sílẹ̀ fún wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì. Wilhelm kọ ọ́ pé ìyá náà á kọ́kọ́ sọ ìtàn geerege. Tí wọ́n bá ní kó tún un sọ, á wá rọra máa sọ ọ́ kí ẹni tó ń kọ ọ́ lè bá a. Kì í yí ọ̀rọ̀ padà, bó bá sì ṣì í sọ, fúnra rẹ̀ ló máa mú un tọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó lẹ́bàá ìyá àgbà tó mọ ààlọ́ dáadáa mọ irú ẹni yìí. Ẹ ní kó fo orin kan kí ìtàn lè tètè parí, kò ní gbà fún yín.

Ó wá di ọ̀rọ̀ ààlọ́ tó fa ẹjọ́.

Nọ́ńbà 22 ni. Ó dá lórí àwọn ọmọdé tí wọ́n ń ṣeré apẹran, ìtàn méjì ló sì wà lábẹ́ àkọlé kan náà. Nínú ti àkọ́kọ́, ní ìlú Franeker ní ilẹ̀ Friesland, àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà pín iṣẹ́ eré láàárín ara wọn. Ọ̀kan á jẹ́ alápatà, ọ̀kan á jẹ́ alásè, ọ̀kan á jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀. Alápatà dá ẹlẹ́dẹ̀ dùbúlẹ̀, ó fi ọ̀bẹ dú u, ọmọbìnrin tó ń ran alásè lọ́wọ́ sì gbé àwo sábẹ́ ọrùn rẹ̀ láti gbe ẹ̀jẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ ìlú pé jọ, wọn kò mọ èyí tí wọn ì bá ṣe, torí wọ́n rí i pé eré ọmọdé ni. Àgbàlagbà kan nínú wọn ló wá dámọ̀ràn pé kí adájọ́ mú ápù pupa tó dára lọ́wọ́ kan, kó mú owó wúrà lọ́wọ́ kejì, kó na méjèèjì sí ọmọ náà. Bó bá mú ápù, kí wọ́n fi sílẹ̀. Bó bá mú owó, kí wọ́n pa á. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì mú ápù.

Ìkejì kúrú, ó sì tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá kan pa ẹlẹ́dẹ̀ lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣeré, ẹ̀gbọ́n fi ọ̀bẹ dú àbúrò. Ìyá wọn tó ń wẹ ọmọ kẹta lókè gbọ́ igbe, ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó fa ọ̀bẹ yọ lọ́rùn ọmọ tó ti kú, inú fi bí i, ó gún èyí ẹ̀gbọ́n pa. Ó sáré padà sókè, ó bá ọmọ tó wà nínú omi tó ti kú sínú rẹ̀. Ó pokùnso. Bàbá ti oko dé, ìbànújẹ́ pa òun náà. Ibẹ̀ ló parí sí.

Nígbà tí Arnim kọ̀wé, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò fèsì bákan náà. Wilhelm ní ìyá àwọn ló sọ ìtàn yẹn fún òun nígbà tí òun wà ní kékeré, òun ló sì jẹ́ kí òun máa ṣọ́ra bí òun bá ń ṣeré. Jacob ní tirẹ̀ sọ pé kì í ṣe tìtorí ọmọdé ni wọ́n ṣe kọ ìwé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú òun dùn pé àwọn ọmọdé ń gbádùn rẹ̀. Lójú tèmi, inú ìyàtọ̀ èsì méjèèjì yìí ni gbogbo ìṣòro wọn wà. Jacob ń tọ́jú ohun àtijọ́ fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Wilhelm ń rí ọmọ tó jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n kọ fún àwọn olùgbọ́ méjì tí ọ̀rọ̀ wọn kò pa pọ̀. Olùgbọ́ gbọ́dọ̀ hàn sí ẹni tó ń ṣa ààlọ́ kó tó ṣa ẹyọ kan.

Ẹnìkan lè sọ pé ó yé òun: ẹ̀jẹ̀ ló pọ̀ jù, ni wọ́n ṣe yọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká wo ààlọ́ mìíràn tó wà nínú ìwé kan náà, èyí tí ayàwòrán Philipp Otto Runge kọ ránṣẹ́ ní èdè ìbílẹ̀ apá àríwá Jámánì. Ìtàn igi júnípà ni. Ìyàwó bàbá kan kórìíra ọmọkùnrin tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ó ní kí ọmọ náà wá mú ápù nínú àpótí, bó ṣe tẹ orí sínú rẹ̀ ló pa ìdérí àpótí dé, orí ọmọ sì gé. Ó gbé ọmọ náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fi aṣọ funfun di orí rẹ̀ mọ́ ọrùn, ó wá dọ́gbọ́n kí ọmọbìnrin tirẹ̀ gbá a létí kí orí náà bọ́, kí ọmọbìnrin náà lè rò pé òun lòun pa á. Ó se òkú ọmọ ní ọbẹ̀. Bàbá ti ibi iṣẹ́ dé, ó jẹ ẹ́, ó ní ọbẹ̀ ọ̀hún dùn, ó ń ju egungun sábẹ́ tábìlì.

Èyí wọn kò yọ. Ó wà nínú ìtẹ̀jáde 1812, ó wà nínú ti 1819, ó sì wà nínú ti 1857 tó kẹ́yìn. Kí ló dé?

Torí pé ìtàn náà kò dúró síbẹ̀. Ọmọbìnrin náà ṣa gbogbo egungun jọ, ó fi aṣọ sẹ́dà rẹ̀ tó dára jù dì í, ó gbé e sábẹ́ igi júnípà níbi tí wọ́n sin ìyá ọmọ náà sí, ó ń sunkún. Igi mì, èéfín rú, ẹyẹ kan fò jáde, ó ń kọrin. Orin náà sọ ẹni tó pa á, ó sọ ẹni tó jẹ ẹ́, ó sọ àbúrò tó kó egungun rẹ̀ jọ. Alágbẹ̀dẹ wúrà gbọ́ ọ, ó ní kó tún un kọ. Ẹyẹ ní òun kì í kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́fẹ̀ẹ́. Ó fún un ní ẹ̀gbà ọrùn wúrà. Aránbàtà fún un ní bàtà pupa. Àwọn alọ̀kà fún un ní òkúta ọlọ. Ẹyẹ wá bà sórí ilé bàbá rẹ̀, ó ń kọrin. Bàbá jáde, ẹ̀gbà wúrà bọ́ sí i lọ́rùn. Àbúrò jáde, bàtà pupa tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìyàwó bàbá jáde, òkúta ọlọ já lù ú mọ́lẹ̀. Iná àti èéfín yọ níbẹ̀, nígbà tí ó máa lọ tán, ọmọkùnrin náà ti dúró.

Ẹni tó bá gbọ́ ààlọ́ nílé wa dàgbà á mọ orin yẹn lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òyìnbó ni ẹyẹ náà. Òun ni orin tó ń tú àṣírí, tí ẹgbẹ́ ń gbè, tí ìwà ìkà inú ilé fi ń dé etí ìlú. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kì í ṣe bí ìtàn ṣe le tó ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Nínú ìtàn apẹran, kò sí ẹyẹ, kò sí orin, kò sí ẹni tó ṣa egungun jọ; ikú ń tẹ̀ lé ikú ni. Igi júnípà le ju ìyẹn lọ lọ́nà púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà nínú rẹ̀ tí ọmọ tó ń gbọ́ ọ lè bá jáde. Àwọn Grimm kò kọ òfin yìí sílẹ̀ níbì kankan. Èmi ni mo kà á kúrò lára ohun tí wọ́n ṣe.

Ìdí kejì tí wọ́n fi yọ ìtàn yàtọ̀ sí ìyẹn pátápátá: ibi tó ti wá. Bluebeard, ìtàn ọkùnrin olówó tó ń pa àwọn ìyàwó rẹ̀, wà nínú ìwé 1812, ológbò oníbàtà náà wà nínú rẹ̀, láti ẹnu àwọn ìdílé Hassenpflug. Méjèèjì ti wà nínú ìwé tí Charles Perrault tẹ̀ ní Faransé ní 1697. Wọ́n yọ wọ́n ní 1819 nítorí pé ti Faransé ni wọ́n. Ó yé mi bó ṣe rí lára ẹni tí àwọn Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò lo òfin yìí dọ́gba. Rapunzel, ìtàn ọmọbìnrin tí àjẹ́ tì mọ́nú ilé gogoro, tó ń fi irun gígùn rẹ̀ fa ènìyàn sókè, wá láti inú ìtàn tí obìnrin Faransé kan, Charlotte-Rose de La Force, tẹ̀ jáde kí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún tó parí, èyí tí ará Jámánì kan túmọ̀ ní 1790. Wọ́n fi í sílẹ̀. Ọmọbìnrin oní-fìlà-pupa wà lọ́wọ́ Perrault náà, ìkookò sì jẹ ẹ́ tán níbẹ̀, kò sí ọdẹ tó la inú ẹranko láti yọ ọ́. Wọ́n fi ọdẹ sí i, wọ́n sì fi í sílẹ̀.

Yíyọ Bluebeard ṣe ohun kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣa ìtàn wò dáadáa. Wọ́n ní ààlọ́ mìíràn tí egungun rẹ̀ jọ ti Bluebeard, èyí tí wọ́n ń pè ní Ẹyẹ Fitcher. Yàrá tí a kò gbọdọ̀ ṣí wà nínú méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tó ṣáájú wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà. Ṣùgbọ́n àwọn arákùnrin ìyàwó ló wá gba ìyàwó Bluebeard sílẹ̀. Nínú ti Fitcher, oṣó náà fún ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní ẹyin kan tí kò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n méjì mú un wọ yàrá, ó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, àbàwọ́n kò lọ, ó pa wọ́n. Àbúrò wọn kẹta gbé ẹyin tirẹ̀ pamọ́ kó tó ṣílẹ̀kùn. Ó bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú yàrá, ó tò wọ́n jọ, orí sí ipò orí, apá sí ipò apá, wọ́n jí. Ó ní kí oṣó fi apẹ̀rẹ̀ pọn wọ́n lọ sílé fúnra rẹ̀ láìmọ̀. Òun wá fi oyin pa ara, ó yí mọ́ ìyẹ́, ó jáde bí ẹyẹ, kò sí ẹni tó dá a mọ̀. Bí ẹ bá ní kí n yàn láàárín méjèèjì fún àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ ìtàn kíkọ, n kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Láti 1819 lọ, Wilhelm ló di olóòtú gan-an, torí Jacob ti gbájú mọ́ ìwé gírámà rẹ̀ nípa èdè Jámánì. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, wọ́n sọ ọ́ gbangba pé àwọn ti fara balẹ̀ pa ọ̀rọ̀ tí kò yẹ ọmọdé rẹ́. Rapunzel tó bi àjẹ́ ní 1812 pé kí ló dé tí aṣọ òun fi há mọ́ òun, tí oyún sì hàn kedere, wá ń bi í pé kí ló dé tó fi wúwo láti fà sókè ju ọmọ ọba lọ. Ìyá tó bí Snow White fúnra rẹ̀ ló fẹ́ pa á nínú ìwé àkọ́kọ́. Ní 1819 ó di ìyàwó bàbá. Ti Hansel àti Gretel, àwọn ọmọ méjì tí òbí wọn lọ fi sílẹ̀ nínú igbó, pẹ́ kó tó yí padà, ó di 1840. Àwọn Grimm kò fẹ́ kí ọmọ gbọ́ pé ìyá lè kọ ọmọ tó bí nígbà ìyàn. Nínú ààlọ́ tiwa náà, orogún ìyá ni ẹrù yẹn máa ń bọ́ lé lórí. Ẹni tó bá fẹ́ tún Hansel àti Gretel sọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìyá méjì ló wà, kó yan ọ̀kan, kó sì mọ ohun tó fi yàn án. Kì í sì í ṣe gbogbo nǹkan ni Wilhelm mú rọ̀. Àwọn àdàbà tó yọ ojú àwọn ọmọ ìyàwó bàbá nínú Cinderella kò sí nínú ti 1812. Ó fi wọ́n kún un ni.

Ní 1825 ni wọ́n tó ṣe ohun tí ì bá ti gbà wọ́n lọ́wọ́ ìráhùn láti ìbẹ̀rẹ̀: wọ́n ṣa 50 ààlọ́ fún àwọn ọmọdé, àbúrò wọn Ludwig Emil ya àwòrán méje sí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́tọ̀. Ìwé kékeré yìí ló gbé orúkọ wọn dé ọ̀pọ̀ ilé. Ìwé ńlá ń lọ ní tirẹ̀ fún àwọn tó ń ṣèwádìí.

Ní báyìí, ààlọ́ kan wà tí wọ́n yọ ní 1819 tí n kò tíì rí ẹni tó tún un sọ ní èdè wa, òun ni mo máa kọ́kọ́ gbé síwájú ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé èyíkéyìí. Nọ́ńbà 8 ni, ìtàn ọwọ́ tó mú ọ̀bẹ. Láti Scotland ló ti wá, ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́ sì nìyẹn. Ọmọbìnrin kan ní arákùnrin mẹ́ta. Ìyá wọn fẹ́ràn àwọn ọkùnrin. Òun ni wọ́n ń rán lójoojúmọ́ láti gbẹ́ ilẹ̀ dúdú tí wọ́n fi ń dáná, ohun èlò tí wọ́n sì fún un ti kú lẹ́nu. Iwin kan tó ń gbé inú òkè nítòsí ibẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá ti ń kọjá, iwin náà á na ọwọ́ jáde láti inú òkúta, ọ̀bẹ tó mú ju ti ayé lọ á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà á gbẹ́ ilẹ̀ kíákíá, á padà dé ibi òkúta, á kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ á jáde wá gba ọ̀bẹ. Ìyá rí i pé iṣẹ́ ń tètè parí, ó ní kí àwọn ọkùnrin máa ṣọ́ ọ. Wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kan òkúta bó ṣe máa ń kàn án, ọwọ́ jáde, wọ́n fi ọ̀bẹ náà gé e. Ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ wọlé padà. Iwin rò pé olólùfẹ́ òun ló da òun, kò sì jáde mọ́ láéláé.

Ojú ìwé kan ni gbogbo rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò sọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. A kò mọ bó ṣe padà sílé lọ́jọ́ náà, a kò mọ̀ bóyá wọ́n rán an lọ gbẹ́ ilẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àyè ńlá ni ìtàn yìí ṣí sílẹ̀ fún òǹkọ̀wé, kò sì sí fíìmù kankan tó ti ya àwòrán rẹ̀ sí wa lórí, bí fíìmù Disney ti 1937 ṣe ya Snow White tí gbogbo ayé fi rò pé àwọn Grimm ló sọ àwọn aràrá méje yẹn lórúkọ.

Ẹni tó bá fẹ́ kà á lè rí i nínú ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Jack Zipes ṣe sí ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́, tó jáde ní 2014. Ìtumọ̀ Margaret Hunt ti 1884 tí ó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ kò lè ṣiṣẹ́ yẹn, torí ìtẹ̀jáde ìkẹyìn ló túmọ̀. Ìtàn àwọn Grimm fúnra rẹ̀ ti di ti gbogbo ayé. Wilhelm kú ní 1859, Jacob ní 1863, òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé Nàìjíríà ti 2022 sì ka 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé. Ṣùgbọ́n gbólóhùn Zipes ṣì jẹ́ ti Zipes. Ẹ kà á, ẹ pa ìwé náà dé, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ ìtàn náà fún ẹnìkan kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.